Soixante-dix (70) dé quatre-vingt-dix-neuf (99): bí ọmọ CP ò ṣe ní máa kọ 6015 mọ́

Ẹ̀yin tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi, Kétu ní Benin ni mo wà, kíláàsì àwọn ọmọ kékeré bíi CP (kíláàsì kejì ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀) ni wọ́n sábà máa ń fún mi, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí gbogbo wa ló ń bá fínra. Ẹ pe "soixante-quinze" (75) fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n kọ ọ́ sórí síléètì, ẹ ní kí wọ́n gbé e sókè, ẹ ó rí 6015, ẹ ó rí 65, ẹ ó rí ẹni tó kọ 60 tó fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ kó tó kọ 15. Ẹ tún pe "quatre-vingts" (80), 420 á hù káàkiri kíláàsì bí olú. Ẹ ṣàlàyé títí ọ̀fun á fi gbẹ, wọ́n á dáhùn "oui maîîître" (bẹ́ẹ̀ ni, tíṣà) lóhùn kan, tó bá di ọjọ́ kejì ẹ ó bá 420 níbi tí ẹ fi í sí.

Ọmọ tó kọ 6015 yẹn kì í ṣe olódo o. Ohun tó gbọ́ ló kọ: soixante, 60, quinze, 15. Bí Faransé ṣe pè é nìyẹn. (Àwọn ará Belgium àti Switzerland ń sọ septante fún 70 àti nonante fún 90 ní tiwọn, orí kó wọn yọ, ṣùgbọ́n Faransé tiwa níbí ò gba ibẹ̀.) Torí náà kí ẹ tún ṣàlàyé lẹ́ẹ̀kan sí i pẹ̀lú ohùn tó ròkè ju tàná lọ ò lè ràn án lọ́wọ́. Ó ní ohun tí ọwọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe kó tó kọ nǹkan kan.

Ohun tí ẹ máa kó jọ

- Igi ìgbálẹ̀ tí wọ́n gé sí gígùn ìka. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú 50 wá láti ilé, àwọn méjì tó bá jókòó pọ̀ á ní 100. Ìgbálẹ̀ tó ti gbó tí wọ́n fẹ́ sọnù náà dára.
- Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tàbí òwú tí wọ́n á fi dì í, mẹ́wàá fún ọmọ méjì-méjì.
- Síléètì, ṣọ́ọ̀kì, àkísà ìnulẹ̀.
- Páálí ńlá kan tí ẹ kọ 0 dé 99 sí, mẹ́wàá-mẹ́wàá ní ìlà kan. Ẹ má tíì gbé e kọ́.
- Ẹyọ owó 25 F mẹ́ta.
- Ìwé tí orúkọ gbogbo ọmọ kíláàsì wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú àyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ́ni ní Ṣábẹ̀ẹ́, òkúta wẹ́wẹ́ ló fẹ́ fi ṣe tiẹ̀, òkúta ṣáà ni, kò wọ́n lọ́dọ̀ wọn. Ó gbàgbé pé òkúta ò ṣeé dì. Ó padà lọ ń wá agolo tòmátò kiri tó máa kó mẹ́wàá-mẹ́wàá sí. Ẹ lo igi.

Ìjókòó mẹ́fà tàbí méje ló máa gbà yín, ìkọ̀ọ̀kan kó má ju ìṣẹ́jú 45 lọ, ẹ má sì kó gbogbo ẹ̀ sínú ọ̀sẹ̀ kan.

Ní ti fiche, ìyẹn ìwé ètò ẹ̀kọ́ tí tíṣà ń kọ sílẹ̀, ẹ ò ní láti da ohun tí wọ́n ní ká tẹ̀ lé rú. Iṣẹ́ igi yìí, inú réalisation (apá tí ọmọ ti ń ṣe iṣẹ́ gan-an) ló máa wà: ọmọ á kọ́kọ́ dá a ṣe (travail individuel), á wá fi wé tẹni tó jókòó tì í (travail en groupe), kí gbogbo kíláàsì tó jọ sọ ọ́ (travail collectif). Àmọ́ kí ẹ tó kọ ohunkóhun sórí fiche, ibi retour et projection (apá ìparí) ní ìsàlẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ ìbéèrè kan ṣoṣo tí ẹ máa fi mọ̀ bóyá ó yé wọn síbẹ̀. Èmi náà ti da fiche ẹlòmíì kọ rí, mo kọ ọ́ dáadáa, ó mọ́ tónítóní, ẹni tó wá bẹ̀ mí wò ní kíláàsì wá bi mí pé kí ni mo fẹ́ kí ọmọ lè ṣe tí aago bá lù, mo la ẹnu, nǹkan kan ò jáde.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ wo àṣìṣe wọn kí ẹ tó kọ́ wọn

Ẹ pe nọ́ńbà mẹ́jọ yìí, kí wọ́n kọ ọ́ sórí bébà: 34, 58, 60, 67, 75, 80, 83, 92. Ẹ gba bébà náà, ẹ má ṣàlàyé nǹkan kan. Tẹ́ ẹ bá délé, ẹ pín in sọ́nà mẹ́ta.

Òkìtì A ni àwọn tó ti ṣubú níbi 34 àti 58, àwọn yẹn ò tíì mọ ohun tí mẹ́wàá jẹ́, wàhálà wọn kì í ṣe ti soixante-dix rárá. Òkìtì B ni àwọn tó kọ 6015, 420, 42012, ohun tí etí gbọ́ ni wọ́n kọ kalẹ̀. Òkìtì C ni àwọn tó kọ 65 dípò 75, 82 dípò 92. Àwọn C yìí mọ̀ pé nọ́ńbà méjì péré ló yẹ kó wà níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n ṣe gbé mẹ́wàá kan mì kó lè bá a mu.

Ibi táwọn èèyàn ti ń ṣì í: wọ́n á mú bíìkì pupa, wọ́n á fún ọmọ ní 3 nínú 20, ó parí. Máàkì ò sọ òkìtì tí ọmọ wà fún yín. 65 àti 6015, òdo làwọn méjèèjì gbà, bẹ́ẹ̀ àìsàn wọn ò jọra.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ṣé A, B tàbí C ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan nínú ìwé yín? Tí A bá ju ìdá kan nínú mẹ́ta kíláàsì lọ, ẹ lo ìjókòó méjì lórí ìgbésẹ̀ tó kàn.

Ìgbésẹ̀ 2: Ìdì àti ẹyọ

Ẹ ní kí àwọn ọmọ méjì-méjì ka igi 34 sórí tábìlì. Wọ́n á kà á, ọ̀kan á gbàgbé ibi tó dé, wọ́n á tún un kà, ẹ jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wá fún wọn ní òfin kan ṣoṣo tí ẹ ó máa lò títí iṣẹ́ yìí á fi parí: *Mẹ́wàá pé? Dì í!* Kí wọ́n máa pè é bí orin tí wọ́n bá ń dì í. Ìdì mẹ́ta, ẹyọ mẹ́rin. Ìdì ni dizaine, ẹyọ ni unité, kí wọ́n gbọ́ orúkọ méjèèjì. Ẹ̀yìn náà ni kí wọ́n kọ 3, kí wọ́n kọ 4 tẹ̀ lé e. Ẹ ṣe 47, 50, 58, 61, 69. Ẹ má fo 50 o, torí òdo tó jókòó síbi ẹyọ yẹn ló ń sọ pé ẹyọ ò ṣẹ́kù.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ di igi sílẹ̀ fún wọn láti ilé. Èmi ṣe é lọ́dún kan, mo ní kí n má pàdánù àkókò, mo jókòó di odindi òru, àárọ̀ ọjọ́ kejì mo gbé ìdì kan sókè mo bi ọmọ pé igi mélòó rèé, ó ní "un" (ọ̀kan). Ó jàre. Kò rí mẹ́wàá tó wọ inú rẹ̀. Ọmọ tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ dì í ò ní sọ bẹ́ẹ̀.

Ibòmíì táwọn èèyàn ti ń ṣì í ni pé wọ́n á kó ọmọ mẹ́jọ yí òkìtì igi kan ká torí pé wọ́n ní ká ṣe travail en groupe, méjì á máa dì í, mẹ́fà á máa fi igi yọ ara wọn lójú. Méjì-méjì tó.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ kó ìdì 4 àti ẹyọ 13 síwájú wọn, ẹ ní kí wọ́n kọ iye tó jẹ́. Ọmọ tó bá kọ 413, iṣẹ́ kù. 6015 ló wọ aṣọ míì yẹn. Ọmọ tó bá wá rọ́bà kó tó wá ṣọ́ọ̀kì ti gbà á.

Ìgbésẹ̀ 3: 70 dé 79

Ibí gan-an lọ̀rọ̀ wà, ẹ má kánjú níbẹ̀.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 69. Ìdì mẹ́fà, ẹyọ mẹ́sàn-án. Ẹ ní kí wọ́n fi igi kan lé e. Ẹ dákẹ́. Ẹ ó gbọ́ ẹni tó máa kọ́kọ́ pariwo "mẹ́wàá pé!" láti ẹ̀yìn, àwọn yòókù á gbà á lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n dì í, ó di ìdì méje. Ẹ sọ fún wọn pé Faransé ò fún ìdì méje yìí lórúkọ tuntun, mẹ́fà àti ọ̀kan ló ṣì ń pè é, soixante-dix, ṣùgbọ́n ojú wa rí i pé méje ni, méje náà la ó kọ: 70.

Ẹ wá pe "soixante-quinze". Ẹ ní kí wọ́n to ohun tí wọ́n gbọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe gbọ́ ọ gẹ́lẹ́. Soixante, ìdì mẹ́fà. Quinze, ẹyọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ má ṣàtúnṣe, ohun tó tò yẹn tọ̀nà. Ẹ wá bi í:

"Ẹyọ mélòó ló wà nílẹ̀?"
"Quinze, maître."
"Òfin wa ńkọ́?"

Á wo ilẹ̀, á wo yín, á yọ ahọ́n síta díẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í ka mẹ́wàá, rọ́bà á já mọ́ ọn lọ́wọ́, á wá òmíì. Ẹ má gbà á ṣe. Tó bá ti dì í tán, ẹ bi í pé ìdì mélòó, ẹyọ mélòó. Méje, márùn-ún. "Kọ ọ́." Ó kọ 75, òun náà á sì tún bojú wò ó.

Ẹ ṣe 72, 78, 71 àti 79 bákan náà. Ẹ ṣọ́ 71, torí "et" tó wà nínú soixante et onze máa ń mú kí àwọn kan rò pé nọ́ńbà méjì ni ẹ pè.

Tí ẹ bá ní ọmọ tó ń bá ìyá rẹ̀ ta ẹ̀pà lọ́jà, ẹ fún un ní ẹyọ owó 25 F mẹ́ta pé kó sọ iye tó jẹ́. Kò ní ronú rárá, soixante-quinze. Ẹ ní kó fi igi tò ó. Mo ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní kíláàsì mi, ẹni ọdún méje, kì í fún oníbàárà ní ṣéńjì tó dín, bẹ́ẹ̀ 65 ló ń kọ tí ẹ bá pè é fún un. Ọjọ́ tó to igi yẹn tó dì í tán, ó ní "ṣé èyí tí mò ń tà náà ni?"

Ìkìlọ̀: ẹ má kọ 60 + 15 sójú bọ́ọ̀dù kí wọ́n tó fi igi ṣe é. Ọmọ òkìtì B máa rí 60 àti 15 lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, á ní ẹ̀yin náà kọ ọ́ bí òun ṣe kọ ọ́.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ mú ọmọ mẹ́fà láti òkìtì B àti C, ẹ bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan: "A gbọ́ soixante, kí ló dé tí a fi kọ 7?" Kó fi èdè tó bá wù ú dáhùn. Tó bá ní "torí ẹyọ ti pé mẹ́wàá, ó di ìdì kan sí i", ẹ lọ síwájú. Tó bá ní "torí maître ló sọ bẹ́ẹ̀", ẹ padà sídìí igi.

Ìgbésẹ̀ 4: 80, èyí tí ìyá àgbà ti mọ̀

Ọ̀pọ̀ tíṣà ló ń bẹ̀rù quatre-vingts jù, bẹ́ẹ̀ òun ló rọrùn jù fún ọmọ tiwa. Ọgọ́rin, kí ló wà nínú rẹ̀? Ogún mẹ́rin. Ọgọ́ta, ogún mẹ́ta. Quatre-vingts, ogún mẹ́rin. Ọ̀rọ̀ kan náà ni! Níbi tí Faransé ti ṣe ohun tó ṣòroó gbọ́ yìí, Yorùbá ti jókòó síbẹ̀ ó ń dúró dè é.

Ẹ ní kí wọ́n kó ìdì mẹ́jọ kalẹ̀, kí wọ́n so ó pọ̀ ní méjì-méjì. Méjì pọ̀, ogún. Ogún mélòó? Mẹ́rin. Quatre vingts. Wọ́n á tú u padà sí ìdì mẹ́wàá-mẹ́wàá, wọ́n á kà á: mẹ́jọ, ẹyọ ò sí. 80. Kí wọ́n ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, kí wọ́n so ó, kí wọ́n tú u. Ẹ wá fi 81 dé 89 lé e, wọ̀nyẹn ò nira, ẹyọ lásán ni wọ́n ń fi kún un.

Mo mọ̀ pé àwọn kan ṣì ń wo sísọ Yorùbá ní kíláàsì bí ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tí wọ́n ti gbé "signal" kọ́ lọ́rùn rí nígbà tó wà ní kékeré torí ó sọ èdè ìyá rẹ̀ mọ bó ṣe ń dunni. Nọ́ńbà tí ẹ fẹ́ kí ó kọ, Faransé náà ni, ẹ jẹ́ kó gba ojú ọ̀nà tó mọ̀ débẹ̀.

Ìkìlọ̀ mẹ́ta. Àkọ́kọ́, ọ̀pọ̀ ọmọ ìsinsìnyí ò mọ Yorùbá kà ju ogún lọ mọ́, pàápàá àwọn ará Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) tí wọ́n ń fi Faransé ka owó nílé, ẹ má rò pé wọ́n ti mọ ọgọ́rin, ẹ ní kí wọ́n lọ bi àgbàlagbà ilé wò kó tó di ọjọ́ náà. Ìkejì, kì í ṣe gbogbo ọmọ kíláàsì ni Yorùbá, ọmọ Fọ̀n wà níbẹ̀, ọmọ Fúlàní wà níbẹ̀, igi ni kí ẹ gbé lé àwọn yẹn lọ́wọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa wo ẹnu yín. Ìkẹta, ẹ má mú márùndínlọ́gọ́rin wọ ìgbésẹ̀ 3. Yorùbá ń yọ márùn-ún nínú 80 láti rí 75, Faransé ń fi 15 kún 60, tí ẹ bá da méjèèjì pọ̀ lọ́jọ́ kan náà ẹ ti ba ọjọ́ yẹn jẹ́. Èmi ti bà á jẹ́ rí. Ẹ jẹ́ kí 80 fìdí múlẹ̀, ẹ wá fi ṣeré lẹ́yìn náà: ìdì mẹ́jọ nílẹ̀, tú ọ̀kan, yọ márùn-ún kúrò, mélòó ló kù? Wọ́n á bá 75 pàdé láti ẹ̀yìn, inú wọn á dùn.

S tó wà lẹ́yìn quatre-vingts tó sì máa ń pòórá nínú quatre-vingt-deux (82), ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ míì.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ pe "vingt-quatre", ẹ pe "quatre-vingts", ẹ tún pe "vingt-quatre". Tí síléètì bá jáde ní 24, 80, 24 láìsí ariwo, ó ti wọlé.

Ìgbésẹ̀ 5: 90 dé 99

Ọjọ́ míì ni o, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ ṣe 80. Iṣẹ́ ìgbésẹ̀ 3 náà ni: quatre-vingt-douze, ìdì mẹ́jọ, ẹyọ méjìlá, mẹ́wàá pé, dì í, ìdì mẹ́sàn-án, ẹyọ méjì, 92. Tí 70 bá ti yé wọn dénú, èyí ò ní gba ìdajì ìjókòó. Àyè tó bá ṣẹ́kù, ẹ gbé páálí 0 dé 99 kọ́ nísinsìnyí, ẹ bo nọ́ńbà kan mọ́lẹ̀, kí wọ́n sọ orúkọ rẹ̀.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú àwọn tó jọra: 84 àti 94, 72 àti 92, 66 àti 76.

Ìgbésẹ̀ 6: Kí etí ṣíwájú ọwọ́

Ẹ ó rí ọmọ tó ń fi igi ṣe é dáadáa tó sì tún ń kọ 65 tí ẹ bá pè é. Ẹ wo ọwọ́ rẹ̀. Bí ẹnu yín bá ṣe ń sọ "soi…", ó ti kọ 6. Nígbà tí quinze bá dé, 6 ti jókòó sórí síléètì, ojú ń tì í láti pa á rẹ́.

Ẹ ní kí gbogbo wọn gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀, kí wọ́n ká ọwọ́. Ẹ pe nọ́ńbà náà. Wọ́n á tún un pè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, wọ́n á sọ "ìdì… ẹyọ…" lẹ́nu. Ẹ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á gbé ṣọ́ọ̀kì. Ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ máa tẹ́tí sí lẹ́yìn soixante ni bóyá un dé neuf (1 dé 9) ló ń bọ̀, tàbí dix (10) sókè. Tó bá jẹ́ dix sókè, 6 ti di 7. Quatre-vingt náà bẹ́ẹ̀, 8 á di 9.

Ẹ̀bi wa náà wà níbẹ̀ o. A máa ń pè é ní "soixante…", a ó wo ojú fèrèsé, a ó wá sọ "…quinze". Ìdúró yẹn gan-an ló ń kọ 6015. Ẹ pè é lẹ́ẹ̀kan náà, láì mí sí àárín.

Tí kíláàsì yín bá kún, ẹ má pe nọ́ńbà kan fún gbogbo wọn, wọ́n á wo ti ara wọn. Ẹni tó wà lápá ọ̀tún bẹ́ǹṣì kọ nọ́ńbà kìíní, ẹni tó wà lápá òsì kọ ìkejì. Kí wọ́n gbé síléètì sókè ní ìlà kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe gbogbo kíláàsì papọ̀, ojú yín ò lè ka síléètì 60 lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: nọ́ńbà mẹ́wàá, kò sí igi lórí tábìlì. Ọmọ tó bá gba mẹ́jọ lè kó igi rẹ̀ sínú àpò.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ padà síbẹ̀

Ní ọjọ́ kẹta, ẹ pe nọ́ńbà márùn-ún ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ìṣirò, ìṣẹ́jú márùn-ún péré. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, márùn-ún míì. Kí oṣù tó parí, ẹ pe nọ́ńbà mẹ́jọ ti ìgbésẹ̀ 1 padà, lórí bébà, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tàkọ́kọ́, ẹ sì kọ A, B, C tuntun sínú ìwé yín.

Àwọn kan á ṣẹ́kù. Lọ́dọ̀ tèmi, mẹ́rin ló sábà máa ń kù, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa jẹ́ àwọn A nígbà gbogbo. Ẹ má dá gbogbo kíláàsì dúró torí wọn, ẹ má sì fi wọ́n sílẹ̀. Nígbà tí àwọn yòókù bá ń ṣe iṣẹ́ inú ìwé, ẹ pè wọ́n wá sídìí tábìlì yín pẹ̀lú igi, ìgbésẹ̀ 2 ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú wọn, ìṣẹ́jú mẹ́wàá lóòjọ́. Èyí tó gbẹ̀yìn lára wọn lọ́dún tó kọjá, ó kọ 420 títí di nǹkan bí ọjọ́ kẹsàn-án. Ní ọjọ́ kẹwàá ó kọ 4, ó wò ó, ó fi ìgúnpá nù ún, ó sì bi mí bóyá rọ́bà ṣì wà.